Òwú Pupa Lára Ọkọ̀ Ẹ̀gbọ́n Mi

Tí ẹ bá fẹ́ mọ bí ẹ̀rù ṣe ń ba ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó, ẹ wò ó nígbà tó bá fẹ́ wọ ọkọ̀ rẹ̀. Á kọ́kọ́ yí i po bí ẹni tó ń wá ohun tó sọnù. Á bẹ̀rẹ̀, á yọjú wo abẹ́ rẹ̀ bóyá epo kán sílẹ̀. Á fi ẹsẹ̀ ti táyà kọ̀ọ̀kan wò, á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wo epo ẹ́ńjìnnì yọ, á nù ún, á tì í bọ̀ ọ́, á tún fà á yọ. Tó bá jókòó tán, á tẹ bíréékì kó tó ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, á sì tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn náà. Èmi tí mo ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, màá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn lọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tó fẹsẹ̀ rìn ti dé ibi tí à ń lọ o."

"Pa ẹnu ẹ dé, kí n gbọ́ ohun tí ọkọ̀ ń sọ."

Aránṣọ ni. Iwájú ilé ni ṣọ́ọ̀bù wa wà, èmi àbúrò rẹ̀ ni mò ń bá a rán bọ́tìnnì, tí mò ń bá a lọ aṣọ, tí mo sì ń bá a bá àwọn oníbàárà jà. Ẹ̀yìn ilé ni àgbàlá wà, níbi tí ọkọ̀ náà ń gbé lábẹ́ páànù. Ọkọ̀ yìí dàgbà ju ọmọ tó bí lọ. Búlúù ni àwọ̀ rẹ̀ nígbà kan, kí òòrùn tó gba èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ló fi í sílẹ̀ fún un nígbà tí àìsàn gbé e lọ, òun àti ọmọbìnrin kan ṣoṣo.

Wọn ò bí ẹ̀rù mọ́ ẹ̀gbọ́n mi o. Ìṣojú mi báyìí ni ẹ̀rù ti wọ ilé wa. Kò tíì pẹ́ tí ọkọ rẹ̀ kú tó gbé ọkọ̀ náà lọ bá mẹkáníìkì kan. Ọkùnrin náà ń de nọ́ọ̀tì táyà iwájú lọ́wọ́ nígbà tí ẹnì kan pè é. Ó fi ọwọ́ lásán yí wọn wọlé, ó ní tí òun bá dé, òun á fi sípánà fún wọn. Ó lọ, ó bọ̀, ó nu ọwọ́, ó gbé kọ́kọ́rọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi dé ojú títì, ó rí táyà kan tó ń yí lọ níwájú rẹ̀. Ó ti ń ṣàánú ẹni tó ni ín kí ọkọ̀ tirẹ̀ tó wó lulẹ̀ lápá kan, tí irin ń ha ojú títì, tí iná ń ta yọ. Ọmọ rẹ̀ wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn, ó kéré gan-an nígbà náà. Nígbà tí àwọn èèyàn gbé e jáde, ojú rẹ̀ wà ní dídì, kò sunkún, kò sọ̀rọ̀. A ní oorun ló ń sùn. A sì dúpẹ́ pé kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Mo gbàgbé ni, ẹ má bínú," ni mẹkáníìkì wí. Ẹ̀gbọ́n mi kò bá a jà. Èmi ni mo bá a jà, mo sì jà á dáadáa. Òun kàn ní kí wọ́n bá òun fa ọkọ̀ òun dé ilé, láti ọjọ́ náà, kò jẹ́ kí mẹkáníìkì kankan fọwọ́ kàn án mọ́.

Ibi tó ti kọ́ iṣẹ́ náà kò lórúkọ. Á lọ dúró létí ọgbà àwọn mẹkáníìkì, á mú aṣọ kan dání bí ẹni tó ń ká ìṣẹ́tí, ojú rẹ̀ á sì wà lára ọwọ́ wọn. Tó bá délé, á gbìyànjú rẹ̀ wò. Ó ń bà á jẹ́, ó ń tún un ṣe, títí ó fi mọ̀ ọ́n. Àwọn aládùúgbò fi í rẹ́rìn-ín títí ó fi sú wọn, obìnrin tí òṣùwọ̀n ìránṣọ ń rọ̀ lọ́rùn, tó ń wọ́ jáde lábẹ́ ọkọ̀. Àwọn tó mọ̀dí ọ̀rọ̀ a máa ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. "Ẹ̀rù ló kọ́ mi níṣẹ́ yìí," ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń dá wọn lóhùn. "Olùkọ́ tó dáa ni. Kì í jẹ́ kéèyàn sùn ní kíláàsì."

Bó ṣe ń ránṣọ ló ṣe ń tún ọkọ̀ ṣe. Aṣọ funfun kan wà tó máa ń tẹ́ sílẹ̀. Ohun tó bá tú, á tò ó síbẹ̀ bó ṣe tẹ̀lé ara wọn, bí ẹ̀wù tó ti gé tí kò tíì rán. Tí ọkọ̀ bá kọ̀ tí kò ṣíná, orí bátìrì ló máa kọ́kọ́ nù. Tí kì í bá ṣe ìyẹn, á yọ púlọ́ọ̀gì, á wo ẹnu rẹ̀ bóyá ó dú tàbí ó tutù. Kì í fọwọ́ kan nǹkan méjì pọ̀. Nígbà tí mo bá ní kó ṣe kíá, á bi mí pé, "Tí mo bá tún méjì ṣe pọ̀, tí ọkọ̀ bá wá ṣiṣẹ́, èwo nínú wọn ló ń ṣàìsàn?"

Òwú pupa wá ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ. Nọ́ọ̀tì tí ẹ̀gbọ́n mi bá tú, á so òwú pupa mọ́ ọn. Tó bá dá a padà, òwú á ṣì wà níbẹ̀. Àfi tó bá fi sípánà de nọ́ọ̀tì náà títí apá rẹ̀ fi gbọ̀n, ìgbà yẹn ni á fi sísọ́ọ̀sì gé òwú kúrò. Níwọ̀n ìgbà tí òwú kan bá sì wà lábẹ́ ọkọ̀, òwú kan gbọ́dọ̀ wà lára sítíárìn, tó gùn, tó ṣeé rí, kí ẹnikẹ́ni má baà gbé ọkọ̀ kúrò níbi tó wà. "Orí a máa gbàgbé," ló máa ń wí, "òwú kì í gbàgbé."

Ọmọ rẹ̀ ló máa ń fi òwú yìí ṣe yẹ̀yẹ́ jù. Láyà là ń pe ọmọ náà nínú ilé, nítorí kò sí ohun tó ń bà á lẹ́rù. Láti kékeré, orí páànù ló ń lọ mú bọ́ọ̀lù, ajá tí àgbàlagbà ń yà fún, òun á lọ fọwọ́ pa á lórí. "Màámi," á ní, "ọkọ̀ yín tún ti múra òde o, gbogbo ara ẹ̀ ló so rìbọ́ọ̀nù." Ẹ̀gbọ́n mi kì í bínú sí i. Inú rẹ̀ máa ń dùn ni. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan tí a jọ ń fi iná jó eteetí aṣọ kó má baà tú pé àdúrà kan ṣoṣo ni òun ń gbà lórí ọmọ náà, pé kó má jogún àyà òun.

Láyà dàgbà, ó lọ sí ìlú mìíràn, ó fẹ́ ọkọ. Ẹ-má-bínú ni mo sọ ọkọ náà, ó sì ti mọ́ ọn lára. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, etí àga ló máa ń jókòó sí nínú ilé wa. Ẹ bu omi fún un, á ní ẹ má bínú. Ó kọsẹ̀ lára ilẹ̀kùn lọ́jọ́ kan, ó yíjú sí ilẹ̀kùn, ó ní ẹ má bínú. Nígbà tí wọ́n bí ọmọ tiwọn, tí ọmọ náà sì ti ń jókòó, wọ́n gbé e wá kí wa.

Ìgbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ wa ni ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Tí ẹ̀gbọ́n mi bá yí sítíárìn, á gbọ́ "kọ̀" níwájú, lápá ọ̀tún. Èmi ò gbọ́ nǹkan kan. Ó ní, "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ," ó sì gbé jáàkì sábẹ́ rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì mú táyà lókè àti nísàlẹ̀, ó mì í. Kò mì. Ó mú un lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ó mì í, ó sì dún. Ó ní kí n wọ inú ọkọ̀ kí n máa yí sítíárìn díẹ̀díẹ̀, òun sì nawọ́ sí ẹ̀yìn táyà, ó di ojú, ó ń fi ìka wá a bí ẹni tó ń wá ibi tó ń dun ọmọ. Ó rí i. Irin kan wà níbẹ̀ tó ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu sítíárìn lọ sọ fún táyà, táírọ́ọ̀dù ni àwọn mẹkáníìkì ń pè é. Orí rẹ̀ ti jẹ. Tí irin yẹn bá bọ́, ibi tó bá wu táyà ló máa kọjú sí, ẹni tó di sítíárìn mú kàn ń di àwo mú ni.

Ó ní orí táírọ́ọ̀dù tuntun nílé, ẹ̀rù ti mú un rà á sílẹ̀ tipẹ́. Ó yọ ti àtijọ́, ó fi tuntun sí i, ó fi ọwọ́ yí nọ́ọ̀tì rẹ̀ wọlé. Pínnì kékeré kan ló máa ń gba àárín nọ́ọ̀tì náà kọjá kó má baà tú. Pínnì àtijọ́ ti dá nígbà tó ń yọ ọ́, kò sì sí òmíràn. Ilẹ̀ ti ń ṣú. Ó so òwú pupa mọ́ nọ́ọ̀tì náà, ó so ti sítíárìn. Ẹ̀rù wá ń bà á pé jáàkì lè yẹ̀ nígbà tí ọmọ wà nílé, ló bá dá táyà padà sáyè rẹ̀, ó sọ ọkọ̀ kalẹ̀, ó so òwú mọ́ àwọn nọ́ọ̀tì táyà náà pẹ̀lú. Ẹni tó bá wò ó látòkèèrè, á rò pé kò sí ohun tó ṣe é.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi tètè jáde lọ wá pínnì lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀. Láyà, ọkọ rẹ̀ àti ọmọ ṣì ń sùn. A kò sọ ohunkóhun fún ẹnì kankan. Kí la fẹ́ sọ? Òwú wà lára sítíárìn.

Nígbà tí a padà dé, àgbàlá tutù. Garawa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n ti fọ aṣọ ìnulẹ̀, wọ́n sá a sórí okùn. Ọkọ̀ kò sí lábẹ́ páànù.

Mo ní wọ́n ti lọ ṣeré ni. Ẹ̀gbọ́n mi dúró, ó mú pínnì dání nínú ìwé kékeré tí wọ́n fi wé e.

"Wọn ò lè gbé e. Láyà mọ̀," ó wí. "Láyà mọ̀ pé tí òwú bá wà..."

Obìnrin tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa yọrí lójú fèrèsé, ó ní ara ọmọ ló ṣàdédé gbóná, ó ń ké, wọ́n sì ti gbé e lọ sí ọsibítù. Ó ní ká má mikàn, wọn ò tíì pẹ́ tí wọ́n jáde. Ó tún ní ọkọ ọmọ wa mà ní ìtọ́jú o, pé kí òun tó jí ló ti ń fọ ọkọ̀, ó fọ̀ ọ́ títí dé ẹ̀yìn táyà.

Ilẹ̀ ni mò ń wò nígbà tó ń sọ̀rọ̀. Lẹ́bàá garawa, nínú omi ọṣẹ, mo rí òwú pupa kan.

Mi ò fi han ẹ̀gbọ́n mi. Òun náà ti rí i. Ó bẹ̀rẹ̀ láti mú un, kò sì lè dìde mọ́. Ó jókòó sínú omi náà tòun ti aṣọ tó wọ̀ jáde, ẹnu rẹ̀ ń sọ ohun tí kò ní ohùn nínú. Nínú ilé wa, gbogbo wa la mọ ohun tí òwú pupa jẹ́. A ti mọ̀ ọ́n pẹ́ débi pé kò sí ẹni tó rántí sọ ọ́ fún ọmọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di ara wa.

Mo pe fóònù Láyà, ó ń dún nínú yàrá lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo pe ti ọkọ rẹ̀, ó ń dún, kò gbé e. Kò lè gbé e láé, ọmọlúwàbí kì í gbé fóònù tó bá ń wakọ̀. Mo pè é títí mo fi ń bú u, mo ń bú ìwà rere tó ní.

Ọ̀nà ọsibítù ni ẹ̀gbọ́n mi ń wò. Ọ̀nà náà tọ́ tààrà, ó sì tẹ́jú láti ilé wa títí dé ibi àwọn oníyànrìn, lẹ́yìn ìyẹn ló já gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó sì yí lójijì nísàlẹ̀ lẹ́bàá odò. Ìsàlẹ̀ yẹn ni ọsibítù wà. Kò sí ẹni tó lè débẹ̀ kó má yí sítíárìn.

Ọkùnrin alálùpùpù kan máa ń dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù wa. Láràárọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń kìlọ̀ fún un pé kó rọra, òun fúnra rẹ̀ kò sì gun alùpùpù rí láyé rẹ̀. Ó dìde, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde, ó gun ẹ̀yìn ọkùnrin náà pẹ̀lú aṣọ tó rin gbingbin. Mo gun ẹ̀yìn rẹ̀.

"Sáré," ó wí.

Ọkùnrin náà yíjú wò ó bóyá òun ló sọ̀rọ̀.

"Sáré, ọkọ mi, mo bẹ̀ ẹ́."

Ó sáré. Mo di ẹ̀gbọ́n mi mú níbàdí, mo ń gbọ́ bí àyà rẹ̀ ṣe ń lù láti ẹ̀yìn. Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ náà o, ẹ̀rù tí mo ti fi ṣe ẹlẹ́yà láti ọjọ́ pípẹ́ wá. Gbogbo gọ́tà tí a kọjá, mo ń wo inú rẹ̀. Nígbà tí a dé ìkóríta, èrò pé jọ lápá kan, wọ́n ń tiraka wo ohun kan nílẹ̀, mo sì di ojú mi. Ọkùnrin náà dẹwọ́ eré. Ẹ̀gbọ́n mi kò dijú ní tirẹ̀. Ó ní, "Páìpù omi ló bẹ́. Máa lọ." Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun kan náà léraléra, mo sì gbé etí mi sún mọ́ ọn kí n tó gbọ́.

"Ọwọ́ ni mo fi yí i. Ọwọ́ lásán ni mo fi yí i."

Ó yé mi. Ohun tí mẹkáníìkì ọjọ́sí ṣe fún un, òun náà ti ṣe é fún ọmọ rẹ̀. Mo fẹ́ sọ fún un pé kì í ṣe bákan náà, pé òun so òwú.

A kọjá lọ́dọ̀ àwọn oníyànrìn. Níbi tí ọ̀nà ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ sísàlẹ̀ gan-an, ọkọ̀ búlúù dúró létí títì, ó mọ́, ó ń dán. Òkúta wà níwájú táyà rẹ̀. Láyà jókòó sílẹ̀ nínú erùpẹ̀, ọmọ wà lórí itan rẹ̀, ọkọ rẹ̀ sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ọwọ́ méjèèjì lórí.

Ẹ̀gbọ́n mi sọ̀kalẹ̀ kí alùpùpù tó dúró, ó ṣubú, orúnkún rẹ̀ bó. Kò wò ó. Ó fọwọ́ kan orí ọmọ, ó fọwọ́ kan orí Láyà, ó fọwọ́ kan apá Ẹ-má-bínú, bí ẹni tó ń kà wọ́n nínú òkùnkùn.

Ọ̀dọ̀ Láyà la ti gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ara ọmọ gbóná, kó tó wọ ọkọ̀, sítíárìn ló kọ́kọ́ wò. Ó wò ó dáadáa, kò sí òwú, ó ní Màámi ti ṣe é tán. Ọkọ rẹ̀ ń wakọ̀, òun gbé ọmọ dání. Ọmọ ké títí, ó wá dákẹ́, ó ń jẹ nǹkan lẹ́nu. Láyà rò pé ọrùn ẹ̀wù òun ni. Ó fi ìka wá ẹnu ọmọ, ó sì fa òwú pupa jáde níbẹ̀.

"Níbo lọmọ ti rí èyí?" ló bi ọkọ rẹ̀.

"Àpò mi ni, má bínú. Wọ́n há sí gbogbo ara ọkọ̀, mo tú wọn nígbà tí mò ń fọ̀ ọ́. Mi ò fẹ́ dà wọ́n sílẹ̀ fún Màámi, wọ́n ti gbálẹ̀."

Àpò àyà ẹ̀wù rẹ̀ ló kó wọn sí. Ọkọ rẹ̀ ló gbé ọmọ dé inú ọkọ̀, ibẹ̀ ni ọmọ ti fa ọ̀kan.

Láyà ní òun ò pariwo. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé kó rọra tẹ bíréékì, kó má yí sítíárìn rárá, bó ti wù kó kéré mọ. Ìgbà tí ọkọ̀ dúró ni òun mọ̀ pé ẹsẹ̀ òun ò lè gbé òun mọ́. Síbẹ̀ ó fi ìdí wọ́ lọ wá òkúta, ó fi há táyà.

Ẹ-má-bínú yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi. Ó la ẹnu. Ọ̀rọ̀ tó ń sọ fún ilẹ̀kùn, tó ń sọ fún omi, kò rí i sọ lọ́jọ́ náà. Omi ló ń dà lójú rẹ̀.

"Gbé ọmọ lọ sí ọsibítù," ni ẹ̀gbọ́n mi sọ fún un. "Ẹsẹ̀ ni kó o fi rìn. Gba etí ọ̀nà." Ó gbé ọmọ kọ́ èjìká, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà bí ẹni tó ru ẹyin. Eyín ló kàn ń yọ lẹ́nu ọmọ náà, wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ fún wa nígbà tó yá. Eyín tó ń yún un ló mú kó máa wá ohun tó máa jẹ.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé jáàkì jáde. Èmi ni mo bá a yọ táyà. Àwọn nọ́ọ̀tì táyà ṣì wà níbẹ̀, wọ́n ti ń dẹ̀. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó nawọ́. Mo rò pé yóò ní kí n gbé sípánà fún òun. Kò béèrè rẹ̀. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà, ó là á, nọ́ọ̀tì táírọ́ọ̀dù wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Kò yí i. Ó kàn fọwọ́ kàn án ni, ó já bọ́. Irin náà yọ kúrò nílé rẹ̀ níṣojú wa, ó rọ̀ dirodiro, irin tí a yọ táyà lára rẹ̀ sì yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ fúnra rẹ̀ bí ọrùn ẹni tó ń tòògbé.

Alálùpùpù náà ṣí fìlà.

Ẹ̀gbọ́n mi dá irin náà padà. Ó fi sípánà de nọ́ọ̀tì rẹ̀, ó dè é títí apá rẹ̀ fi gbọ̀n, bó ṣe máa ń ṣe. Àmọ́ apá náà kò dákẹ́ mọ́. Ó mú pínnì, kò lè kì í bọ ihò. Ọwọ́ tó ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ láìwo ojú rẹ̀, ó ń gbé pínnì kiri ẹnu ihò, ó ń ṣìnà. Ó gbìyànjú, ó gbìyànjú, ó wá gbé orí lé ilẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ níbẹ̀, ó ń sunkún.

Láyà wọ́ wọlé bá a. Ó dùbúlẹ̀ sínú erùpẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ó ní, "Ẹ mú un wá, Màámi." Ó ki pínnì bọ̀ ọ́, ó tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀kan síbí, ọ̀kan sọ́hùn-ún. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ. Ó ní láti jẹ́ pé ojú rẹ̀ ti wà níbẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ tó fi ń rẹ́rìn-ín.

"Mi ò fẹ́ kí ìwọ náà máa bẹ̀rù," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ohun kan ṣoṣo tí mò ń tọrọ nìyẹn. Mo dúpẹ́ pé o sùn lọ́jọ́ tí táyà yẹn yọ."

Mo bẹ̀rẹ̀ kí n lè rí ojú Láyà.

"Mi ò sùn, Màámi. Mo rí táyà náà tó ń lọ. Mo di ojú mi ni."

"Láyà."

"Ẹ̀rù máa ń bà mí tí mo bá ti gbọ́ ìró ọkọ̀. Orí páànù tí mò ń gùn yẹn, ẹ̀rù máa ń bà mí. Mo rí i pé ẹ ti ń bẹ̀rù fún ẹni méjì, mi ò wá fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé tèmi tún wà níbẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ tó kún fún gírísì fà á mọ́ra. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Èmi tí mo sọ ọmọ náà ní Láyà, mo dúró síta, mo ń wo ẹsẹ̀ wọn mẹ́rin tó yọ lábẹ́ ọkọ̀.

Nígbà tí wọ́n jáde, a dá táyà padà, wọ́n sì fi sípánà de àwọn nọ́ọ̀tì rẹ̀. Mo rò pé a máa wọ ọkọ̀. Láyà ní rárá, pé gbogbo òwú ni wọ́n tú, kò sí ẹni tó mọ èyí tó ṣì wà ní dídẹ̀ nínú ohun tí Màámi ti fọwọ́ kàn, àfi tí wọ́n bá yẹ gbogbo rẹ̀ wò níkọ̀ọ̀kan. Ìyá rẹ̀ wò ó, ó mi orí. Láyà tú òwú pupa tó ti wé mọ́ ìka rẹ̀ láti àárọ̀, èyí tí itọ́ ọmọ ṣì wà lára rẹ̀, ó so ó mọ́ sítíárìn. Ó fà á wò bóyá ó le. Ó tún fà á wò.

Ó ti ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú, a sì jọ fẹsẹ̀ rìn lọ bá ọmọ nísàlẹ̀. Mo ń bọ̀ lẹ́yìn wọn, mi ò sì mọ ẹni tó ń di èkejì mú nínú wọn.